Bẹ́ẹ ṣe máa ka ìwé ìpànìyàn tó jẹ́ pé ẹni tó mọ apànìyàn yẹn ló kọ ọ́

Àwọn ìwé kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí. Ìtàn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n o, àmọ́ kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí oníròyìn tó jókòó sí kóòtù ló kọ wọ́n, ẹni tó ti mọ apànìyàn yẹn tẹ́lẹ̀ ló kọ wọ́n. Ó lè jẹ́ wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀, ó lè jẹ́ bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ka irú ìwé yìí, mo sì ti rí i pé bá a ṣe ń wo fíìmù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà á, a kàn ń sáré lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó dáa jùyẹn lọ wà.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé ọ̀kírìkà ní Yábàá ni mo ti rà á, àwọn tó máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tapólì. Ìwé Ann Rule ni, The Stranger Beside Me, ẹ̀yìn ẹ̀ ti fẹ́ já. Obìnrin yìí ti ṣe ọlọ́pàá rí nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, ó wá di ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn sí mágásíìnì. Ní 1971 ó ń yọ̀ǹda ara ẹ̀ lálẹ́ níbi tí wọ́n ti máa ń gba ìpè àwọn tó fẹ́ gbẹ̀mí ara wọn, kí wọ́n lè fọ̀rọ̀ tù wọ́n nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ ń gba fóònù náà, ọmọ yunifásítì, ó lójú àánú, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, tí wọ́n bá ṣíwọ́ lóru á sin ìyá yìí dé ìdí mọ́tò ẹ̀, á ní kó rọra máa lọ o, kó ṣọ́ra. Ted Bundy ni. Ẹni tó padà jẹ́wọ́ pé òun pa obìnrin àtọmọbìnrin 30, òun ló ń sọ fún obìnrin pé kó ṣọ́ra lóru! Inú gó-sìló lórí Third Mainland ni mo wà nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo wo gbogbo àwọn tá a jọ wà nínú danfo lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ bí mo ṣe kà á nígbà yẹn ò dáa rárá, mo kàn gbé e mì ni. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo tó mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ewé kékeré iwájú yẹn tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé sí, tí gbogbo wa máa ń ṣí kọjá. 1980 ni ìwé yẹn kọ́kọ́ jáde. Wọ́n sì pa Bundy lórí àga oníná ní Florida lọ́jọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1989, ìgbà tí ikú ẹ̀ ku ọjọ́ mélòó kan ló tó ń jẹ́wọ́ iye tó jẹ́wọ́ yẹn. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ̀dà àtijọ́ tí mo rà ní Yábàá, Bundy ṣì wà láàyè nínú ẹ̀, ó ṣì ń ní òun ò mọwọ́ òun ò mẹsẹ̀. Òǹkọ̀wé náà fi ọ̀rọ̀ kún un lẹ́yìn náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Torí náà ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ṣe pàtàkì gan-an, pàápàá fún àwa tá a ń ra ìwé ọ̀kírìkà.

Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ọdún mẹ́ta sórí ẹ̀: ọdún tí ìpànìyàn yẹn ṣẹlẹ̀, ọdún tí òǹkọ̀wé gbà lọ́kàn ẹ̀ pé òótọ́ ni ẹni tóun mọ̀ yẹn ṣe é, ọdún tó kọ̀wé. Èyí tó wà láàárín yẹn ló máa ń ṣòro jù láti rí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ wo ti Ann Rule. Ní 1974 àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní agbègbè Seattle. Lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún yẹn, ọ̀sán gangan, létí adágún omi kan tí èrò kún fọ́fọ́, ọkùnrin kan tó gbé apá kọ́rùn bíi ẹni tó fi apá dá ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n bá òun gbé ọkọ̀ ojú omi òun, ó ní Ted lorúkọ òun. Obìnrin méjì ló bá a lọ lọ́jọ́ yẹn tí wọn ò padà wálé mọ́. Ann Rule gbọ́ orúkọ yẹn, ó gbọ́ pé Volkswagen ìjàpá ló ń wà, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ọlọ́pàá kan tó mọ̀ létí. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn tó ń tẹ̀wé pé òun máa kọ ìtàn àwọn ọmọbìnrin yẹn kó tó mọ̀ pé ẹni tó ṣe é jókòó ti òun rí. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n mú Bundy ní Utah ní 1975, ó ń kọ lẹ́tà sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó pẹ́ gan-an kí ọkàn ẹ̀ tó gbà. Ẹni tó fi orúkọ ẹ̀ tó ọlọ́pàá létí náà nìyẹn o! Tẹ́ ẹ bá ti ní ọdún mẹ́ta yẹn lórí bébà, ẹ ò ní bínú sí i, ẹ máa kàn rí bí ọkàn èèyàn ṣe máa ń dá ara ẹ̀ lóró.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bi ara yín pé kí ni òǹkọ̀wé yìí jẹ́ sí apànìyàn náà, torí bójú kálukú ṣe máa ń fọ́ yàtọ̀ síra. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ lẹ ń rí i, ìwà tó dì wá síbi iṣẹ́ lẹ mọ̀. Olólùfẹ́ ní tiẹ̀ á rí ẹrù. Elizabeth Kloepfer tó bá Bundy fẹ́ra láti 1969, tó kọ ìwé tiẹ̀ ní 1981 lábẹ́ orúkọ Elizabeth Kendall, rí ọ̀pá tí àwọn tó fẹsẹ̀ dá fi ń rìn lọ́dọ̀ ẹ̀, ó rí POP tí wọ́n fi ń di eegun tó kán, nígbà tó jẹ́ pé kò sí eegun tó kán lára ọkùnrin yìí. Òun náà pe ọlọ́pàá ní 1974. Ó sì tún ń bá a lọ. Àwọn kan tó ń ka ìwé yẹn máa ń bú u, wọ́n á ní òmùgọ̀ ni. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ lọ wo iye obìnrin tó wà ládùúgbò yín tó mọ nǹkan nípa ọkọ tó ń fẹ́, tó ti sọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tó wá padà sílé lọ dáná. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ò lójú tó fi máa wo ìdí ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ka ìwé Kloepfer, ẹ̀dà 2020 ni kẹ́ ẹ wá, ọmọ ẹ̀ tó ṣì kéré nígbà yẹn náà sọ tiẹ̀ nínú ẹ̀.

Òbí ní tiẹ̀, ohun tó ń wá ni ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Bàbá Jeffrey Dahmer kọ ìwé ní 1994, ọmọ ẹ̀ ti pa èèyàn 17, gbogbo ìwé yẹn ni bàbá yìí fi ń wá ara ẹ̀ lẹ́jọ́, ó ń yẹ ìgbà èwe ọmọ náà wò, ó tún ń yẹ ti ara ẹ̀ wò. Sue Klebold, ọmọ ẹ̀ wà lára àwọn méjì tó yìnbọn ní iléèwé Columbine lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999, ọmọ iléèwé 12 àti olùkọ́ kan ni wọ́n pa lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó pa ara wọn, ọdún 2016 ni ìwé ìyá náà jáde. Ẹ má ka méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn lọ́sẹ̀ kan náà, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó rẹ̀ mí dé egungun. Ọmọ ní tiẹ̀ á gbọ́ ọ lójijì. Ọmọbìnrin Dennis Rader, tó pa èèyàn 10 ní Kansas láàárín 1974 sí 1991, kò mọ nǹkan kan títí di 2005 tí ẹ̀ṣọ́ FBI fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Bàbá yẹn jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn o. Ìwé tọmọ kọ, ẹ kà á fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, ẹ má retí kó wá ṣàlàyé bàbá fún yín.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Ilé tí mo dàgbà sí ní Bàrígà, face-me-I-face-you ni, yàrá mẹ́wàá, kànga kan, ilé ìwẹ̀ méjì. Bọ̀dá kan ń gbé yàrá kẹta, réwáyà ni, òun ló máa ń bá Mọ́mì fa jẹnẹrétọ̀ tó bá ti ń ṣàgídí. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́, ọlọ́pàá dé, wọ́n mú un lọ. Ó ti pa ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní jọ́ńṣọ̀n wa, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Ẹjọ́ yẹn pẹ́, kóòtù padà ní ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kò sẹ́nì kankan mọ́ nínú ilé yẹn tí kò "ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun ti ń rí i lójú ẹ̀. Lańlọ́ọ̀dù ní kì í ki òun dáadáa, ẹni tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Èmi náà ní tèmi, mo sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì láìmọye ìgbà, pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ó bá mi gbé omi, tó kàn tẹjú mọ́ mi láìsọ̀rọ̀, tí ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ kan mo ń sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Ìwọ kẹ̀? Ṣebí Ìbàdàn lo wà lọ́sẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ Àǹtí." Mo jiyàn. A pe Àǹtí. Ìbàdàn ni mo wà lóòótọ́.

Mi ò parọ́ o. Mo rí i nínú orí mi, títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo ṣì ń rí garawa aláwọ̀ búlúù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń ka ìwé yìí padà.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ẹ fa ilà sí àárín bébà yẹn. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí òǹkọ̀wé fojú ara ẹ̀ rí, tó fetí ara ẹ̀ gbọ́, lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀. Lápá òsì, ohun tó gbọ́ lẹ́yìn: látẹnu ọlọ́pàá, látinú ìwé ìròyìn, látinú kóòtù. Tẹ́ ẹ bá ń kà á báyìí, á yà yín lẹ́nu bí apá ọ̀tún ṣe máa kéré tó. Àwọn gbólóhùn kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ máa fi bírò yí po: "ara mi ti ń sọ fún mi", "nǹkan kan wà lójú ẹ̀", "mi ò mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí". Ẹ má sọ pé irọ́ ni o, ẹ kàn bi í léèrè pé ṣé ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, ṣé lẹ́tà kan wà, ṣé ó pe ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń gbára lé Kloepfer nìyẹn, ó pe ọlọ́pàá lásìkò tó ń bẹ̀rù, ìpè yẹn wà nínú àkọsílẹ̀. Ìbẹ̀rù tó ti lójọ́ lórí kó tó di pé gbogbo ayé gbọ́, ìyẹn la lè gbé lé ìwọ̀n. Òdì kejì ẹ̀ náà wà, kẹ́ ẹ sì mójú tó o: ibi tí òǹkọ̀wé ti jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ràn ẹni yẹn, pé ó mú òun rẹ́rìn-ín, pé òun ò rí nǹkan kan rárá. Ìtìjú ló wà nínú kéèyàn kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dédé fọwọ́ ara ẹ̀ kó ìtìjú. Èmi máa ń gba ibẹ̀ gbọ́ ju gbogbo ibi tí ara ti bù wọ́n máṣọ lọ.

Ẹgbọ́n bàbá mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, máa ń sọ pé òun mọ Iṣọ̀lá Oyènúsì, olórí adigunjalè tí wọ́n ń pè ní Dókítà, tí wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach lóṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Ọdọọdún ni ìtàn yẹn ń gùn sí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó kàn rí i lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo fi wọ yunifásítì, wọ́n ti jọ jẹun. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an, òpùrọ́ kọ́ ni, ikú ńlá kàn máa ń fa èèyàn mọ́ra, gbogbo wa la máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ẹni tó kọ̀wé náà, èèyàn ni.

Ó tún ku irú òǹkọ̀wé kan tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ dáadáa, ẹni tó lọ di ọ̀rẹ́ apànìyàn nítorí ìwé. Dókítà ológun kan wà ní Amẹ́ríkà, Jeffrey MacDonald, wọ́n pa ìyàwó ẹ̀ tó lóyún àti àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ méjì ní 1970, kóòtù dá a lẹ́bi ní 1979, òun ṣì ń ní òun kọ́. Òǹkọ̀wé kan, Joe McGinniss, wọlé tọ àwọn lọ́yà ẹ̀, ó bá wọn gbé, ó ń kọ lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí i lẹ́wọ̀n, nígbà tí ìwé wá jáde ní 1983, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí ló pa wọ́n. MacDonald pè é lẹ́jọ́ pé ó tan òun jẹ, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní kóòtù ò lè fohùn ṣọ̀kan, wọ́n fi 325,000 dọ́là yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Kò túmọ̀ sí pé ohun tó kọ nípa ìpànìyàn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ka irú ẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ọ̀rẹ́ yẹn ní ìwé nínú àpò látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín ló ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ owó náà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òǹkọ̀wé sọ ibi tí owó ìwé ń lọ. Sue Klebold sọ tiẹ̀, ètò ìlera ọpọlọ ló ní kó máa gbà á. New York ti ṣòfin láti 1977 pé ọ̀daràn ò gbọdọ̀ jẹ èrè ìtàn ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé e ní 1991, àmọ́ ọ̀rọ̀ apànìyàn fúnra ẹ̀ nìyẹn, kò kan ọ̀rẹ́ tàbí àǹtí ẹ̀. Èmi ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ pé kéèyàn gbowó iṣẹ́ tó ṣe, mo kàn fẹ́ kó sọ ọ́.

Ẹ wá ìwé kejì. Èyí ò ṣeé fò. Ohùn kan ṣoṣo ò tó fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé tẹ́ ẹ bá ka Rule, kẹ́ ẹ ka Kloepfer, ọkùnrin kan náà, ọdún kan náà, ẹ máa rí i pé Ted tí ọ̀kan mọ̀ àti Ted tí èkejì mọ̀ ò jọra, àwọn obìnrin méjì yẹn ò sì rí ẹni tó ń jáde lóru. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Mo máa ń dúró síbẹ̀ yẹn, mi ò ní sáré kọjá.

Fún àwọn tó ń dá gbé, tàbí tí iná ò sí ládùúgbò wọn lálẹ́, ẹ má kà á lóru, ẹ kà á ní ọ̀sán, ẹ kà á nínú BRT, ẹ fi sílẹ̀ tí ọkàn yín bá ti ń sáré. Ẹ má sì jẹ́ kó sọ yín di ẹni tó ń wo gbogbo réwáyà bí apànìyàn, ìyẹn ò da nǹkan kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ rí ń bẹ lápá ọ̀tún bébà, tẹ́ ẹ fojú ara yín rí i, lónìí, nípa ẹnì kan tó wà láàyè, tí ẹ̀mí ẹlòmíràn sì wà nínú ewu, ẹ fi ìwé sílẹ̀ kẹ́ ẹ pe 112 tàbí 767 l'Ékòó níbí. Kẹ́ ẹ kọ déètì àti àsìkò tẹ́ ẹ pè sílẹ̀.

Ó ku ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe kẹ́ ẹ tó ka ojú ewé kìíní, mo fi í sẹ́yìn torí òun ló pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n. Iwájú bébà yẹn gan-an, lókè ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú. Gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ń kà lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí nǹkan nípa ẹnì kan nínú wọn, iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó fẹ́ràn, ẹni tó ń dúró dè é nílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Irú ìwé yìí, torí apànìyàn ni òǹkọ̀wé mọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbogbo máa ń lọ, ẹ máa mọ irú kọfí tó ń mu, ẹ ò ní mọ nǹkan kan nípa ọmọ ọdún 12 tí Bundy pa kẹ́yìn. Tí àlàfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan títí ìwé fi parí, ẹ lọ wá a níbòmíràn, ó máa ń wà.

Lọ́dún tó kọjá mo fẹ́ kọ ti Bàrígà sílẹ̀ fún ara mi. Mo rántí orúkọ bọ̀dá yẹn, orúkọ bàbá ẹ̀, ìlú tó ti wá, àwọ̀ garawa tí mi ò rí. Mi ò rántí orúkọ ọmọbìnrin yẹn. Mo pe Mọ́mì, wọ́n ní ẹ jẹ́ n rò ó wò. Wọ́n pe ìyá oníbúrẹ́dì, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá, ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti kó lọ sí Ìkòròdú báyìí, ló sọ ọ́ fún wa nígbẹ̀yìn. Ó ní ó mọ bọ́tìnnì gán ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ó ní kò ju oṣù méjì lọ tó kù kó gba fírídọ̀mù. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí torí ìyá tó bí i ṣì wà láyé. Ó wà lókè bébà mi, òun ni àkọ́kọ́.